Ẹ̀KỌ́: ÌYÀWÓ ILÉ ÀTI OWÓ ÌRÌN ÀJÒ

Bíbélì kíkà: 2 Àwọn Ọba 4:8-24

Ẹ̀kọ́ wa dá lórí owó tí a fi ń lọ sí òde àti èyí tí a fi ń rin ìrìn àjò. Ta ni ó ń pinnu rẹ̀ nínú ilé yín?

Ní Òkè-Ògùn wa yìí, obìnrin kì í ṣe ọ̀lẹ. A ń ta èlùbọ́, a ń ṣòwò òfì, a ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa kì í lóhùn sí owó aṣọ ẹbí àti owó ọkọ̀. Àwọn mìíràn sì ń fi owó àjọ wọn ná an ní ìkọ̀kọ̀. Méjèèjì ni ó léwu.

1. Obìnrin ará Ṣúnémù. Kí ó tó kọ́ yàrá fún Èlíṣà, ó kọ́kọ́ bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́, ó sì ka ohun tí yóò wà níbẹ̀: ibùsùn, tábìlì, àga àti fìtílà. Nígbà tí ó fẹ́ rin ìrìn àjò, ó ní kí ọkọ òun fún òun ní ọmọ ọ̀dọ̀ kan àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan. Ọkọ béèrè ìdí rẹ̀. Ó fèsì pẹ̀lẹ́, ó sì lọ. Aya kò fi ìrìn àjò náà pamọ́, ọkọ kò sì dí i lọ́nà.

2. Òfin ilẹ̀ wa. Nígbà kan, wọ́n ń béèrè lẹ́tà ìyọ̀ǹda ọkọ lọ́wọ́ obìnrin tó bá fẹ́ gba ìwé ìrìnnà. Dókítà Priye Iyalla-Amadi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Port Harcourt. Ní ọdún 2009, ilé-ẹjọ́ dájọ́ pé ìlànà náà lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè, nítorí a kò béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin. Ṣùgbọ́n adájọ́ kò lè bá wa sọ̀rọ̀ nínú ilé wa. Àwa fúnra wa ni a ó sọ ọ́.

3. Ẹ̀rí tèmi. Ìsẹ́yìn ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ṣakí ni ìyá mi wà. Lọ́dọọdún ni a ń náwó sí òde àwọn ẹbí ọkọ mi. N kò sọ rí pé kí a yọ owó ọkọ̀ sọ́tọ̀ kí n lè lọ kí ìyá mi. Nígbà tí mo máa lọ, òkú rẹ̀ ni mo lọ sin. Baálé mi ní, “Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?” N kò rí èsì fọ̀. A-dákẹ́-má-fọhùn, a kò mọ ti ẹni tí ó ń ṣe.

Nítorí náà, lẹ́yìn ìkórè, ẹ jókòó pẹ̀lú baálé yín. Ẹ kọ ìrìn àjò ọdún sílẹ̀, ti ẹbí ọkọ àti ti ẹbí aya. Kí olúkúlùkù sọ iye tí agbára rẹ̀ ká. Èyí tí owó kò bá tó, ẹ jọ fi í sílẹ̀. Bí baálé bá kọ ọ̀kan, ẹ fi sùúrù béèrè ìdí rẹ̀, kí ẹ sì sọ ìdí tiyín.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
(a) Kí ni a rí kọ́ nínú bí obìnrin ará Ṣúnémù ṣe bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀?
(b) Ta ni o ti pẹ́ tí o fẹ́ lọ kí, tí o kò tíì sọ fún baálé rẹ?

Kí Olúwa fi ìfẹ́ àti òye sí ilé wa. Àmín.