Irun Tó Hù Wọnú Ara: Ìtọ́jú Rẹ̀ Nílé, àti Ìgbà Tó Yẹ Kí Á Gbé Ọwọ́ Kúrò

  

 Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ń tijú láti sọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú wa ló jẹ́ kí á pinnu pé a ó sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kan, ìyá kan wọ ṣọ́ọ̀bù oògùn wa níbí ní Ìlọrin, ó ní kí á ta oògùn ibà fún òun. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ni ara rẹ̀ ti ń gbóná láti ọjọ́ mẹ́ta. A béèrè bóyá wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní rárá. A ní kí ó mú ọmọ náà wá. Nígbà tí wọ́n dé, a rí i pé ọmọ náà ń tiro, kò sì lè jókòó dáadáa. Arábìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mú un wọ yàrá inú lọ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Ọmọ náà fá irun abẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Kókó kékeré kan yọ síbẹ̀, ó sì ń rí irun dúdú nínú rẹ̀. Ó mú píìnì híjáábù rẹ̀, ó fi tú u, kò rí irun náà yọ. Lọ́jọ́ kejì, ó tún tú u. Ibẹ̀ wú, ó gba ọyún, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ojú tì í láti sọ fún ìyá rẹ̀.

A kò ta oògùn ibà fún wọn. Ilé ìwòsàn ni a ní kí wọ́n gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí ibà níbẹ̀. Wọ́n tú ọyún náà jáde, wọ́n fún un ní oògùn, Ọlọ́hun sì fún un ní ìwòsàn. Ká ní wọ́n ti lo oògùn ibà fún ọ̀sẹ̀ kan sí i ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìtìjú dára, ara ìgbàgbọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá wa Áíṣà (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) yin àwọn obìnrin Ànsárì nítorí pé ìtìjú kò dí wọn lọ́wọ́ láti béèrè ohun tó kàn wọ́n nínú ẹ̀sìn. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ara wa rí nínú ilé.

KÍ LÓ Ń FÀ Á?

Irun ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú máa ń ká ni, kì í nà gbọnrangandan. Bí a bá fá irú irun bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, orí èyí tó kù nínú awọ á mú ṣóńṣó bí ẹ̀gún. Bó bá ti ń hù, á ká padà, á sì gún awọ wọlé. Nígbà mìíràn, kò tilẹ̀ ní tíì jáde tí á fi gún ẹ̀gbẹ́ ihò rẹ̀ láti inú. Ara kò mọ̀ pé irun tirẹ̀ ni. Ó kà á sí àjèjì, ó sì ń bá a jà. Ìjà yẹn ló ń di kókó, yíyún, ìrora àti àmì dúdú tó ń kù sílẹ̀.

Ibi tó ti wọ́pọ̀ ni àgbọ̀n àti ọrùn àwọn ọkùnrin, ìpàkọ́, abíyá àti abẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń pe ti ojú ní bọ́ǹpù. Kì í ṣe àmì pé ẹni náà dọ̀tí, kò sì sí ọwọ́ ayé nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ó yọ àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú lẹ́nu débi pé, tẹ́lẹ̀ rí, dókítà máa ń kọ ìwé fún wọn pé kí wọ́n má fá irùngbọ̀n. Ní ọdún 1993, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan níbẹ̀ dá a láre pé òfin ilé iṣẹ́ tó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ fá irùngbọ̀n kanlẹ̀ ń rẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó ní àìsàn yìí jẹ.

ÀYÈ TÍ Ẹ̀SÌN FÚN WA

Nínú hádíìsì tí Abu Hurayra gbà wá, tí Bukhari àti Muslim kó sínú ìwé wọn, Ànábì wa ka nǹkan márùn-ún mọ́ ìwà àdámọ́ tó mọ́: ilà abẹ́ dídá, irun abẹ́ fífá, irunmú gígé, èékánná gígé àti irun abíyá fífà tu. Anas ọmọ Malik sì jẹ́ kí á mọ̀ pé wọ́n fún wọn ní gbèdéke lórí nǹkan wọ̀nyí, pé kí wọ́n má fi sílẹ̀ ju ogójì ọjọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí á wo èyí dáadáa. Ogójì ọjọ́ ni òpin. Kò sí ẹni tó ní dandan ni kí á fá a ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta títí awọ yóò fi bó. Ìmọ́tótó ni ìdí ọ̀rọ̀ náà, àwọn onímọ̀ sì ti sọ pé ẹni tó bá fi sísọ́ọ̀sì gé irun abẹ́ rẹ̀, tàbí tó fi ìpara ìyọrun yọ ọ́, ti ṣe ohun tí wọ́n fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fífá ló ṣíwájú. Wọ́n tún gbà wá pé Ìmáàmù Shafi'i máa ń jẹ́ kí onígbàjámọ̀ fá irun abíyá òun. Ó mọ̀ pé fífà tu ni súnà, ṣùgbọ́n kò lè fara da ìrora rẹ̀. Bí irú àgbà bẹ́ẹ̀ bá lè gba ìrọ̀rùn, kí ló dé tí a ó fi máa fi ara wa jẹ́ ìyà?

Ní ti irùngbọ̀n, Ànábì wa pàṣẹ pé kí á gé irunmú, kí á sì dá irùngbọ̀n sí. Ọkùnrin tí bọ́ǹpù ń dà láàmú, tó bá dá irùngbọ̀n sí, ó ti tẹ̀lé súnà, ó sì ti rí oògùn tó dára jù fún àìsàn rẹ̀.

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍLÉ

1. Ẹ dáwọ́ fífá ibẹ̀ dúró. Ó dára kí á fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí irun bá gùn díẹ̀ sí i, ọ̀pọ̀ rẹ̀ yóò jáde fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò tíì pé ogójì ọjọ́, nítorí náà kò sí ìdààmú níbẹ̀.

2. Ẹ rẹ aṣọ mímọ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kì í ṣe èyí tó ń jóni. Ẹ fún un, kí ẹ gbé e lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

3. Nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀, ẹ fi aṣọ rírọ̀ àti ọṣẹ tí kò le ra ibẹ̀ yípo jẹ́jẹ́. Kànhìnkànhìn le jù fún un.

4. Bí irun náà bá ti hàn, tó ká sókè awọ bí òrùka kékeré, a lè tú u sílẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ fi sípírítì nu abẹ́rẹ́ tuntun tàbí ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń fa irun, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ kì í bọ abẹ́ irun tó ká náà, kí ẹ sì rọra gbé orí rẹ̀ jáde. Ó parí. Ẹ má fà á tu, nítorí pé èyí tí yóò hù tẹ̀lé e tún lè gba inú wọlé. Ẹ̀jẹ̀ kò yẹ kó jáde. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ ti wọlé jù.

5. Ẹ fi omi tútù ṣan ibẹ̀, kí ẹ fi Vaseline díẹ̀ tí kò ní òórùn dídùn pa á.

Bí irun náà kò bá tíì hàn lókè awọ, ẹ kò ní iṣẹ́ kankan láti fi abẹ́rẹ́ ṣe. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti sùúrù ni oògùn rẹ̀. Ibi tí ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ṣì í ṣe nìyí.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi èékánná họ ọ́. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí Robb pa á. Ẹ má tú ìyẹ̀fun inú kápúsù sí ojú egbò. Ẹnu ni wọ́n ṣe kápúsù fún, dókítà ló sì yẹ kó sọ irú èyí tí ènìyàn yóò lò.

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni àwọn ìpara inú túùbù tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ń rà fún gbogbo ohun tó bá yọ sára. Ọ̀kan nínú oògùn mẹ́ta náà máa ń jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára, bíi betamethasone tàbí clobetasol. Ó máa ń mú kí kókó rọlẹ̀ kíákíá, inú ènìyàn á sì dùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ lára, á sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á fa ìlà sí i, á sì máa bo àrùn tó wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ má lò ó sí ojú, abíyá tàbí abẹ́ láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún yín.

ÌGBÀ TÓ YẸ KÍ Á LỌ SÍ ILÉ ÌWÒSÀN

Lára wa tó dúdú, pípọ́n kì í tètè hàn. Ọwọ́ ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n: ṣé ibẹ̀ gbóná, ṣé ó le, ṣé wíwú rẹ̀ ń tàn kálẹ̀? Ẹ lọ láìfi falẹ̀ bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, tàbí bí ara bá ń gbóná, bí ó bá di eéwo ńlá, bí ó bá wà ní itòsí ojú, imú tàbí ètè òkè tó sì ń wú, tàbí bí kò bá sàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà yẹn rárá. Eéwo abíyá tàbí ti abẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ lè jẹ́ àìsàn mìíràn. Bákan náà ni kókó ìpàkọ́ tó ń le tó ń ga sí i. Ẹ jẹ́ kí dókítà awọ ara wò wọ́n.

Bí wọ́n bá fi báńdéèjì dí ojú egbò, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí alùwàlá tú u, kí ó má sì tìtorí rẹ̀ fi ìrun sílẹ̀. Ẹ bi Áfáà mọ́sálááṣí yín. Ẹ̀sìn ti ṣe ìrọ̀rùn fún aláìsàn.

BÍ A ṢE LÈ DÈNÀ RẸ̀

Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ rẹ irun kí ó rọ̀ kí ẹ tó fá a. Ẹ lo abẹ tuntun tó mú. Ibi tí irun kọjú sí ni kí ẹ fá a sí, ẹ má fá a lòdì. Ẹ má fa awọ le, ẹ má sì pààrà ojú kan náà léraléra. Ẹni tí èyí kò bá ràn lọ́wọ́, kí ó lo kílípà tó ń ṣẹ́ irun kù díẹ̀ lókè awọ. Ẹ sọ fún onígbàjámọ̀ yín pé kí ó má fá ìpàkọ́ yín kanlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lo ìpara ìyọrun, kí ó kọ́kọ́ dán díẹ̀ wò ní apá, kí ó dúró di ọjọ́ kejì, kí ó má sì jẹ́ kí ó kan ojú ara gan-an.

Abẹ kan kò gbọdọ̀ jẹ́ ti gbogbo ilé, kódà láàárín tọkọtaya. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B lè wà láàyè fún ó kéré tán ọjọ́ 7 lórí ohun tí ẹ̀jẹ̀ kàn, bó tilẹ̀ ti gbẹ. Nítorí náà, abẹ tuntun ni kí wọ́n fi fá orí ọmọ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹni tó ń lọ sí Hájì, kí ó mú abẹ tirẹ̀ dání fún orí fífá, kí ó kó o sínú àpò ńlá, kì í ṣe àpò ọwọ́ tó ń gbé wọ inú bàálù.

Ẹ̀yin ìyá, nígbà tí ọmọbìnrin yín bá ń bàlágà, ẹ fún un ní abẹ tirẹ̀, ẹ fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn án, kí ẹ sì sọ fún un pé bí ohunkóhun bá yọ sí i lára, ẹ̀yin ni kí ó kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ̀yin bàbá, ẹ ṣe bákan náà fún àwọn ọmọkùnrin yín. Ọmọ tó mọ̀ pé òbí òun kò ní bínú kò ní fi píìnì tú ara rẹ̀ níkọ̀kọ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìlera, kí Ó wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí Ó sì jẹ́ kí á lo ohun tí a kọ́. Àmín.