Ojú Ẹni Nìkan Kò Tó Ra Bùlẹ́ńdà

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ta ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ ìyẹn fún? Ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan, kó lọ fúnra rẹ̀, kó fi ojú ara rẹ̀ wò ó, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wò. Òwe yìí gan-an ni ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa ní Okokomaiko tẹ̀ lé nígbà tó gba àjọ, tó fẹ́ ra bùlẹ́ńdà oníkọ́ọ̀pù tí yóò máa fi lọ èso tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU. Kò rán ẹnikẹ́ni. Ó gba Alaba Rago lọ fúnra rẹ̀, ó yan èyí tó wù ú nínú àwọn tokunbo tí wọ́n tò sílẹ̀, ó ní kí wọ́n tan án kí òun rí i. Wọ́n tan án, ó yí fíìì, ó sanwó. Nígbà tó délé, tí iná dé, tó ki púlọ́ọ̀gì bọ ògiri, kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ tí ẹ̀rọ náà fi pariwo gèè, tí èéfín bo ilé ìdáná, ó sì parí síbẹ̀. Kò tíì lọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan.

Ojú rẹ̀ ló fi wò ó. Ojú rẹ̀ ló rí i tó ń yí. Ohun tí ojú rẹ̀ kò rí ni àpótí irin tó wà lábẹ́ tábìlì ẹni tó tà á, èyí tí wọ́n fi ń rẹ iná ilé wa sílẹ̀ kí ẹ̀rọ Amẹ́ríkà lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, nítorí owó àjọ kì í ṣe owó tí à ń rí he.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Iná tó ń wọ ilé wa ní Nàìjíríà jẹ́ 230 fólítì. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ti Japan jẹ́ 100. Bí ẹ bá ki ẹ̀rọ 120 bọ iná 230, agbára tó máa rọ́ wọ inú kọ́ìlì rẹ̀ á sún mọ́ ìlọ́po mẹ́rin èyí tí wọ́n ṣe é fún. Bí ó bá jẹ́ ti Japan, á ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n fi dì kọ́ìlì yẹn, awọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi kùn ún ló sì ń ya ìlà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Bí ooru bá ti yọ́ awọ náà, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibi tí kò yẹ kó gbà, èéfín ló máa ń kẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó wo àwọ̀, kí ẹ tó wo bí ó ṣe ń dán, ẹ dojú ẹ̀rọ náà dé, ẹ ka ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 220-240V, 50Hz lẹ bá níbẹ̀, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ 120V, 60Hz, ẹ gbé e sílẹ̀ bó ti wù kó lẹ́wà tó. Bí wọ́n bá sì ti ha ìwé ìdí rẹ̀ kúrò, ẹ má tilẹ̀ ná an. Ẹ wo orí wáyà náà pẹ̀lú: tokunbo ìlú Ọba máa ń wá pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó bá ihò ògiri wa mu, iná tiwọn àti tiwa sì dọ́gba. Tí ẹ bá rí ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ méjì, tàbí tí ẹ rí i pé wọ́n ti gé orí wáyà tí wọ́n so tuntun mọ́ ọn, ẹ béèrè ìdí. Àwọn kan á ní kí ẹ ra àpótí tó ń rẹ iná sílẹ̀ kún un. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n àpótí tó máa lè gbé bùlẹ́ńdà wúwo, ó ń gbóná, ó ń gbówó lórí, ó sì di dandan kí gbogbo ará ilé máa rántí lójoojúmọ́ pé ẹ̀rọ yìí kò gbọdọ̀ fojú kan ògiri tààrà. Nínú ilé tí ọmọdé wà, n kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní àwọn kò ní í ra àlòkù, Alaba International ni àwọn ń lọ, tuntun inú páálí ni àwọn fẹ́. Ó dáa. Ẹ wá ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí náà. Mo ti rí 4,500 wátì, mo ti rí 8,500 wátì, lára bùlẹ́ńdà tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fi ọwọ́ kan gbé. Irọ́ ni. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo wa ń lò ní fíùsì nínú, èyí tó tóbi jù tó ń wọ̀ ọ́ sì ni ti ámpíà 13. Ẹ sọ 230 di ìlọ́po 13, ẹ ó rí 2,990. Ohun tí púlọ́ọ̀gì yẹn lè gbé kò ju nǹkan bí 3,000 wátì lọ. Ẹ̀rọ tó bá jẹ́ 8,500 wátì lóòótọ́ á fa bí ámpíà 37, fíùsì á já láìpẹ́. Ẹni tó kọ nọ́ńbà yẹn síbẹ̀ mọ̀ pé a kò ní í ṣírò. Ó mọ̀ pé ojú wa á rí nọ́ńbà ńlá, ọwọ́ wa á sì bọ àpò. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí ẹni tó lè purọ́ sórí páálí lójú gbogbo ayé, kí ni kò ní í ṣe sínú ẹ́ńjìnnì tí a kò rí?

Fún ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti bàrà olómi, 300 wátì tòótọ́ ti tó. Bí yìnyín tàbí kárọ́ọ̀tì bá máa wọ̀ ọ́, ẹ wá 600 sókè. Ṣùgbọ́n ẹ ronú kan ohun tó máa gbé e nígbà tí iná bá lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I better pass my neighbour, bíi 650 wátì ni agbára rẹ̀, bùlẹ́ńdà sì máa ń fa ju iye tó wà lára rẹ̀ lọ nígbà tó bá ń gbéra. Ẹ fi ẹ̀rọ 600 wátì sórí rẹ̀, iná á máa ṣẹ́jú, àwọn méjèèjì á sì jọ máa gbóná.

Nítorí NEPA ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ṣe yí sí èyí tó ní bátìrì nínú, tí wọ́n ń ṣáàjì bí ẹni ṣáàjì fóònù. Mo mọ ohun tó gbé wọn débẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà kéde pé kí àwọn tó ra BlendJet 2, ọ̀kan nínú àwọn oníbátìrì yìí, dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.8 ni iye rẹ̀. Àwọn kan ń gbóná títí wọ́n fi ń gbiná, bíléèdì àwọn mìíràn sì ń dá sínú ohun mímu. Èyí tó lórúkọ nìyẹn, ní ìlú tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọjà. Àwọn aláìlórúkọ tí wọ́n ń gbé kiri nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Iyana Iba, ta ló ń kéde tiwọn? Bí ẹ bá máa rà á ṣá, èso rírọ̀ nìkan ni kó wọ̀ ọ́. Ẹ má ṣáàjì rẹ̀ mọ́jú lórí ibùsùn, ẹ má sì ṣáàjì rẹ̀ nígbà tí omi bá wà nídìí rẹ̀.

Èyí tó ń lo iná ògiri ni mo fẹ́ràn, òun náà sì ní bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bùlẹ́ńdà oníkọ́ọ̀pù tó pé kì í yí àfi tí ife bá ti jókòó dáadáa sórí rẹ̀, nítorí etí ife ló ń tẹ àwọn bọ́tìnnì kékeré tó ń jẹ́ kí iná kọjá. Bí bọ́tìnnì wọ̀nyẹn bá bàjẹ́, àwọn kan tó ń tún un ṣe á kàn so wáyà wọn pọ̀. Nítorí náà, èyí tó bá ń yí láìsí ife lórí, ẹ má gbé e wọlé tí ọmọdé wà. Ẹ bu omi sínú ife, ẹ de ìdí rẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ dé sórí bébà, ẹ mì í. Bí bébà bá tutù, rọ́bà ti jẹ. Omi yẹn kan náà ló máa kán sínú ẹ́ńjìnnì tó ní iná nínú. Ẹ fi ṣíbí yí bíléèdì rẹ̀. Bí ó bá ń mì sọ́tùn-ún sósì, tàbí tí ẹ rí epo dúdú nídìí rẹ̀, epo yẹn ni ẹ ó máa bá èso mu. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí ẹ wá fi imú sún mọ́ ẹ́ńjìnnì: òórùn rọ́bà tó jóná kò ṣeé fi ọ̀dà bò. Ife tó ti là tàbí tó kún fún ìlà, ẹ má gbà á, torí inú ìlà wọ̀nyẹn ni ìdọ̀tí ń sá sí tí kàn-ìn-kàn-ìn kò fi í dé ibẹ̀.

Ohun tó wá ń dẹ́rù bà mí jù, ilé ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ má da ohun gbígbóná sínú bùlẹ́ńdà oníkọ́ọ̀pù láé. Ì báà jẹ́ ògì ọmọ, ì báà jẹ́ ata tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀wà. Bùlẹ́ńdà ńlá ní ihò lórí ìdérí rẹ̀ tí ooru ń gbà jáde. Ife kékeré yẹn dé pinpin. Bí bíléèdì bá ṣe ń yí, ooru á máa fún ara rẹ̀ mọ́ inú ife, ìgbà tí ẹ bá sì ń tú u ni yóò rọ́ jáde sójú yín àti sáyà yín. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí irú rẹ̀ bó lára ti gbé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ lọ sílé ẹjọ́. Kódà ohun tútù, bí ẹ bá jẹ́ kó yí pẹ́, bíléèdì fúnra rẹ̀ á mú un gbóná. Ìṣẹ́jú kan ni ìwé tó ń bá ọ̀pọ̀ wọn wá sọ. Kí ẹ dá a dúró, kó sinmi, kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́.

Ẹ má rò pé mo kórìíra Alaba Rago. Ibẹ̀ ni mo ti ń ra dàbínò, òfio, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà lọ́wọ́ àwọn ará Òkè Ọya, kunun aya tí wọ́n sì ń fi òfio ṣe níbẹ̀, bí wọ́n bá po dàbínò mọ́ ọn, n kò mọ ohun mímu tó jù ú lọ nínú oòrùn Èkó. Àmọ́ òfio gbígbẹ àti kóró dàbínò máa ń ṣẹ́ bíléèdì kékeré. Ẹ rẹ òfio sómi mọ́jú kó rọ̀, ẹ yọ kóró dàbínò lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó wọ ife, ẹ fi omi sí i, ẹ má jẹ́ kó kọjá ìlà tí wọ́n kọ MAX sí. Bí ẹ bá lò ó tán, ẹ yọ ọ́ nínú iná kí ọwọ́ yín tó sún mọ́ bíléèdì. Ẹ yọ rọ́bà rẹ̀ pẹ̀lú, ẹ fọ abẹ́ rẹ̀, torí wàrà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá sùn síbẹ̀ á kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó ń tà á fún ọmọ ọlọ́mọ kò gbọdọ̀ fi ìyẹn ṣeré.

Òwe wa ńkọ́? Àwọn àgbà tó pa á ra iṣu, wọ́n ra aṣọ, wọ́n ra ẹran. Àbùkù ohun tí wọ́n ń rà wà níta níbi tí ojú ti lè bá a. Síbẹ̀, ẹ wo Alaba Rago kan náà nígbà Iléyá. Ẹni tí kò mọ àgbò, ṣé ó máa ń dá lọ rà á? Á mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání, kí onítọ̀hún la ẹnu rẹ̀ wo eyín, kó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, kó wò ó bóyá ó ń tiro. Ojú olójú la yá lọ yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì bú wa. Bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àgbò tó ń rìn, tó ń ké, kí ló dé tí à ń dá lọ ra ẹ̀rọ tí àrùn rẹ̀ wà nínú irin? Níbi bùlẹ́ńdà, òwe yẹn kò gbè wá tán. Ojú ẹni tó ń tún kọ́ìlì dì jọ ojú wa, ó sì tún jù ú lọ.

Nítorí náà, ẹ mú ọ̀kan dání nínú àwọn tó ń tún fáànù ṣe. Wọ́n wà láti Volks títí dé Okokomaiko. Ẹ fún un lówó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ, kó mú tẹ́sítà rẹ̀ lọ́wọ́. Òun ló máa tọ wáyà ọlọ́jà lọ títí dé ibi tó ti ń gba iná, òun ló máa mọ̀ bóyá wọ́n ti tú kọ́ìlì náà dì rí. Kó má jẹ́ ẹni tí ọlọ́jà bá yín pè láti ìsọ̀ kejì o; ẹni tí ẹ mú ti ilé wá ni. Ẹ̀yin ẹ yan àwọ̀ àti ìwọ̀n tó bá tábìlì yín mu, kí òun yan ẹ́ńjìnnì.

Ẹ sì béèrè lẹ́nu ọlọ́jà gan-an: fólítì mélòó ni? Ṣé wọ́n ti tú u rí? Òfin ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, ní dandan ni kí ẹni tó ń tajà jẹ́ kí ẹni tó ń rà mọ̀ bí ọjà bá jẹ́ àlòkù tàbí àtúnṣe. Àwọn tó ń sọ òótọ́ pọ̀ níbẹ̀ bí ẹ bá béèrè. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn sọ fún obìnrin kan pé, “Àǹtí, ti Amẹ́ríkà lèyí o, iná yín á jó o.” Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ná ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní kó tan èyí tí ẹ yàn lórí iná tí kò sí àpótí lábẹ́ rẹ̀, kó kọ nọ́ńbà ìsọ̀ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà sórí bébà, kí ẹ tó na owó sí i. Bí ó bá kọ̀ tí kò kọ ọ́, ẹ kọjá sí ìsọ̀ tó tẹ̀ lé e. Àwọn náà ń ta bùlẹ́ńdà.