Ìrẹ̀sílẹ̀ Alùpùpù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin: Èdè-Ìperí fún Iṣẹ́ Olówó Pọ́ọ́kú

Ní àwọn ìlú Afijió bíi Fìdítì àti Ìlọrà, tí wọ́n wà lójú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, alùpùpù kì í ṣe àjèjì. Bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ kò wọ́n lẹ́nu mẹkáníìkì. Sípíríǹgì ni irin tó ká bí ejò, tó ń gbé ẹrù ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀kì ni ọ̀pá tó ní ọ́ìlì nínú, tí kì í jẹ́ kí sípíríǹgì máa fò láìdúró. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti di ti Yorùbá, kò sì yẹ kí olùtúmọ̀ tún máa wá òmíràn. Ohun tó ṣì ṣòro ni orúkọ fún ìwọ̀n àti ìṣesí àwọn ẹ̀yà náà. Iṣẹ́ kan tó fi àìní yìí hàn gbangba ni rírẹ alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin sílẹ̀.

Àwọn ará Japan ló kọ́kọ́ sọ irú alùpùpù yìí di ọjà káàkiri. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ṣáájú, ṣùgbọ́n ó máa ń dojú dé; ní ìparí ọdún 1987, àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe é bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn, wọ́n sì dáwọ́ títa tuntun rẹ̀ dúró níbẹ̀. Nígbà náà, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ti wà lórí pápá ìdíje: Suzuki gbé LT250R jáde ní 1985. Àwọn tó ń fi irú èyí sáré máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ó má baà ṣubú ní kọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ń béèrè.

(1) Gíga-ìdúró: ìwọ̀n láti ilẹ̀ dé abẹ́ férémù nígbà tí awakọ̀ bá ti jókòó.

(2) Ojúkò ìwúwo: ibi tí gbogbo ìwúwo ọkọ̀ àti awakọ̀ ti pàdé. Ẹni tó bá ti ru agbọ̀n gíga rí mọ̀ pé bí ẹrù bá ti ga tó ni ó ṣe ń fẹ́ dani nù. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì bá jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 120, tí ojúkò sì wà ní 60, ìdajì ìbú tí a fi gíga pín jẹ́ 1. Bí ojúkò bá sọ̀kalẹ̀ sí 55, ó di 1.09. Bí iye yìí bá ti pọ̀ tó ni ọkọ̀ náà ṣe ṣòroó dá dé.

(3) Ìle: agbára tí sípíríǹgì fi ń kọ títẹ̀.

(4) Ìfúnṣáájú: bí a ti fún sípíríǹgì mọ́ra tó kí ẹrù tó dé orí rẹ̀.

Àwọn méjì tó kẹ́yìn ni ó máa ń dàrú jù. Bí mẹkáníìkì bá fún òrùka ìdí sípíríǹgì, àwọn ènìyàn a ní ó ti le sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìfúnṣáájú ló pọ̀ sí i, ọkọ̀ sì ga sókè. Ìle kò yí padà. Nítorí náà, ìrẹ̀sílẹ̀ tí kò náni ní kọ́bọ̀ ni pé kí a tú òrùka náà díẹ̀. Gíga-ìdúró yóò dín kù, ṣùgbọ́n àyè tó kù fún sípíríǹgì láti tẹ̀ yóò dín kù pẹ̀lú.

Ọ̀nà kejì ni táyà kékeré. Bí a bá fi táyà oníǹṣì 20 rọ́pò oníǹṣì 22 ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọkọ̀ yóò sọ̀kalẹ̀ ní íǹṣì kan, nítorí ìdajì ìyàtọ̀ náà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Eré rẹ̀ náà yóò fi bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún dín kù bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí bákan náà.

Ọ̀nà kẹta ni gígé sípíríǹgì, òun ló sì léwu jù. Sípíríǹgì oníká 10 tó ń tẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4 lábẹ́ ẹrù kan yóò tẹ̀ ní 3.2 péré bí a bá gé ìká 2 kúrò. Ó kúrú, ṣùgbọ́n ìle rẹ̀ ti di ìlọ́po 1.25. Bí ó bá jẹ́ iná ni a fi gé e, ooru yóò ba irin náà jẹ́. Nígbà tí táyà bá sì kúrò nílẹ̀, sípíríǹgì tó kúrú lè yọ kúrò ní ìjókòó rẹ̀.

Olùtúmọ̀ tó bá kọ ọ́ pé “dín sípíríǹgì kù” láìsọ bóyá ìfúnṣáájú ni tàbí gígùn ti fi ayùn lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Bákan náà, ẹni tó bá sọ pé ìrẹ̀sílẹ̀ dára láìdárúkọ gíga-ìdúró ti gbàgbé ọ̀nà oko, níbi tí òkúta àti kòtò ti ń dúró de férémù. Ohun tó bá pápá ìdíje mu lè ṣàìbá ọ̀nà oko mu.

Ètò ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Àǹfààní kan náà tọ́ sí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Kí olùkọ́ fi orúkọ ẹ̀yà sílẹ̀ bí ó ti wà lẹ́nu àwọn oníṣẹ́. Kí ó wá fi orúkọ ìwọ̀n kún un, nítorí àìmọ ìyàtọ̀ ìwọ̀n ló ń fa jàǹbá.