Ayùn kékeré fún igi ìdáná abà: ohun mẹ́rin tí ẹ máa yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sun abà lásìkò ìkórè, àdá ni ọ̀pọ̀ yín fi ń gé igi ìdáná. Ṣùgbọ́n àdá máa ń yọ̀ lórí igi gbígbẹ tó rí róbótó, ẹsẹ̀ ló sì máa ń lọ bà. Ọgbẹ́ àdá kan lè dá yín jókòó nígbà tí irè ṣì wà nílẹ̀. Àáké dára, àmọ́ ó wúwo. Ayùn tó ń ká sínú èèkù rẹ̀ bí ọ̀bẹ kì í sábà tó ìdajì kílò, ó sì wọ inú àpò. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo nǹkan wọ̀nyí:

1. Gígùn: Kí ojú ayùn gùn tó ìlọ́po méjì igi tí ẹ sábà ń gé. Igi tó nípọn tó ínṣì 4 ń fẹ́ ayùn ínṣì 8. Ẹ fi igi tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ fún àáké.

2. Eyín: Ẹ ka eyín tó wà nínú ínṣì kan. 6 sí 8 dára fún igi ìdáná. Eyín wẹ́wẹ́ máa ń pẹ́ lórí igi tó nípọn. Bí eyín bá kọjú sí èèkù, fífà ni ayùn náà fi ń gé. Ẹ má fi ipá tì í, kó má baà ṣẹ́.

3. Ibi tó ti ń há: Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ ṣí i níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ sì rọra tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ tábìlì. Bí ó bá ń mì tàbí tó fẹ́ ká padà, ẹ má rà á. Ó lè pa dé mọ́ yín níka.

4. Ààrọ̀ ojú ayùn: Bí ṣóńṣó eyín bá dúdú bí ẹni pé iná rà á, fáìlì kì í sábà ràn án mọ́. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ta ojú ayùn nìkan. Ayùn olówó pọ́ọ́kú tí ẹ ó máa rà lọ́dọọdún lè náni ju èyí tó ní ààrọ̀ lọ.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi òróró díẹ̀ pa á kó má baà dípẹtà. Igi tó ti kú, tó sì gbẹ, ni kí ẹ gé. Igi tútù ń rú èéfín. Igi òrí àti igi irú tó wà láàyè, owó ọdún tó ń bọ̀ ni. Ẹ má fi wọ́n dáná.

Kí ni ẹ fi ń gé igi ní abà yín? Ẹ fèsì sí wa.