IYỌ̀ ÀTI ṢÚGÀ: Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ ÀDÀPỌ̀ ÁYỌ́NÌ ÀTI KOFALẸ́ǸTÌ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bá wọn kàwé, àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ àti ṣúgà rí. Méjèèjì funfun, méjèèjì ń yòrò nínú omi. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ ọ́ nínú ìdánwò kẹ́mísìrì pé ohunkóhun tó bá ti yòrò nínú omi, àdàpọ̀ áyọ́nì ni. Àṣìṣe ni, máàkì sì ń bá a lọ.

Kí wá ni ìyàtọ̀ wọn? Átọ́ọ̀mù sódíọ́mù ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 11, ọ̀kan ṣoṣo ló wà ní ìpele òde. Kílórínì ní 17, méje ló wà ní òde tirẹ̀, ó ku ọ̀kan kí ó pé mẹ́jọ. Sódíọ́mù yóò fi ọ̀kan tirẹ̀ ta kílórínì lọ́rẹ pátápátá. Àwọn méjèèjì á di áyọ́nì, ọ̀kan ní àmì àròpọ̀, èkejì ní àmì àyọkúrò, wọn á sì fa ara wọn mọ́ra gidigidi. Iyọ̀ nìyẹn.

Ti ṣúgà kò rí bẹ́ẹ̀. Kábọ́ọ̀nù, háídírójìn àti ọ́síjìn inú rẹ̀ jọ ń lo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni, bí ọmọ ìyá méjì tó jọ ń sùn lórí ẹní kan. Àdàpọ̀ kofalẹ́ǹtì nìyẹn.

Àmì mẹ́ta ni kí ẹ máa wò:

1. Àwọn tó para pọ̀. Mẹ́táàlì àti èyí tí kì í ṣe mẹ́táàlì sábà máa ń di áyọ́nì. Bí kò bá sí mẹ́táàlì nínú wọn, kofalẹ́ǹtì ló sábà máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n amóníọ́mù kílóráídì kò ní mẹ́táàlì, síbẹ̀ áyọ́nì ni.

2. Ooru. Iyọ̀ kì í yọ́ àfi bí ooru bá dé 801°C. Ṣúgà ti ń yọ́, ó sì ti ń pọ́n, kí ooru tó dé 200°C. Ṣùgbọ́n yanrìn funfun, tí í ṣe kofalẹ́ǹtì, le láti yọ́ ju iyọ̀ lọ.

3. Iná mọ̀nàmọ́ná. Ní yàrá sáyẹ́ǹsì, lójú olùkọ́, ẹ fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì, wáyà àti gílóòbù kékeré dán an wò. Iná kì í gba inú iyọ̀ gbígbẹ kọjá, torí áyọ́nì rẹ̀ kò lè kúrò lójú kan. Bí iyọ̀ bá yòrò nínú omi, tàbí tí ooru yọ́ ọ, àwọn áyọ́nì á máa rìn, iná á sì kọjá. Omi ṣúgà kò ní tan gílóòbù náà. Ẹ má ṣe fi iná ilé dán an wò láé.

Ẹ rí i pé àmì kan ṣoṣo kò tó ṣèdájọ́. Ẹ kó wọn jọ kí ẹ tó dáhùn.

Ẹ̀kọ́ yìí kò mọ sí ìdánwò nìkan. Irú áyọ́nì bẹ́ẹ̀ wà nínú omi kànga, omi ẹ̀rọ àti òógùn ara wa. Ìdí nìyẹn tí iná fi ń yára gba ara tó tutù. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣe àlùwàlá tán, kí ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ kí ó tó fọwọ́ kan súìṣì iná tàbí ti fáànù. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn ọmọ létí.