Ta ló ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ Ṣàgámù?

Tí iléeṣẹ́ kan ní Ṣàgámù bá ń fi borehole ńlá fa omi tọ̀sán-tòru, omi abẹ́ ilẹ̀ tó yí i ká á lọ sílẹ̀, ìrísí rẹ̀ á dà bí àrọ tí a fi ń rọ epo. Kànga aládùúgbò tí kò jìn lè gbẹ.

Ìdí kan nìyí tí ìwé àṣẹ omi fi wà. Òfin omi ọdún 1993 ló gbé e kalẹ̀. NIWRMC, àjọ ìjọba àpapọ̀, ló ń fúnni. Ó yẹ kí aráàlú lè rí i: ta ló gbà á, ibo ló ti ń fa omi, lítà mélòó lóòjọ́?

Ẹ fi okùn wọn omi kànga yín lóṣooṣù. Tó bá ń lọ sílẹ̀ nígbà òjò pàápàá, ẹ kọ lẹ́tà béèrè àkọsílẹ̀ náà. Òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 ní kí wọ́n dáhùn láàárín ọjọ́ 7, ẹ ò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè.