Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Ọ̀sẹ̀ Àkọ́kọ́ Ọyẹ́

Oṣù kọkànlá ń lọ, òjò ti ń dágbére. Láìpẹ́ a ó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a ó rí i pé ètè wa ti gbẹ, omi inú àmù ti tutù nini, ojú oòrùn sì funfun bí òṣùpá. Ọyẹ́ dé nìyẹn. Nínú ẹ̀kọ́ yìí a fẹ́ mọ bí a ti ń ka ìkéde ojú ọjọ́, kí ọyẹ́ má baà bá wa lójijì.

NÍBO NI ỌYẸ́ TI Ń WÁ?

Afẹ́fẹ́ méjì ni ó pín ọdún láàrin ara wọn ní ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń fẹ́ láti orí òkun. Ó kún fún omi, òun ni ó ń gbé òjò wá. Èkejì ń fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, láàrin àríwá àti ìlà-oòrùn. Ó gbẹ, eruku ni ó ń gbé. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró sójú kan. Ní oṣù kẹjọ, afẹ́fẹ́ òkun a ti lé èkejì kọjá Kánò lọ sókè. Ní oṣù kìíní, afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ a ti lé ti òkun padà, yóò kù díẹ̀ kó dé etí òkun. Ìdí nìyí tí ará Ṣakí àti ará Ìlọrin fi ń rí ọyẹ́ kí ará Èkó tó rí i.

Púpọ̀ nínú eruku náà ń wá láti ibì kan tí à ń pè ní Bodélé, ní ilẹ̀ Ṣáàdì. Adágún omi ńlá ni ó wà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Omi náà gbẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ di eruku lẹ́búlẹ́bú, afẹ́fẹ́ sì ń kó o wá bá wa.

Kí ló dé tí òru ọyẹ́ fi ń tutù, tí ọ̀sán rẹ̀ sì ń mú? Àwọsánmà dà bí aṣọ ìbora fún ilẹ̀. Ní ìgbà òjò, ìbora yìí kì í jẹ́ kí ooru ilẹ̀ tètè sá lọ lóru. Ní ìgbà ọyẹ́, kò sí ìbora, afẹ́fẹ́ sì gbẹ. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ooru a bá tirẹ̀ lọ.

BÍ A TI Ń KA ÌKÉDE

Ní ọdún 2003 ni wọ́n fi òfin dá àjọ tí a mọ̀ sí NiMet sílẹ̀ láti máa wo ojú ọjọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà. Wọn kì í ṣe aláfọ̀ṣẹ. Ohun tí wọ́n fi irinṣẹ́ wọ̀n ni wọ́n fi ń sọ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó dé. Nígbà mìíràn kì í rí bí wọ́n ti wí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ sàn ju ẹni tí kò gbọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ka èyí tí àwa fúnra wa kọ fún àpẹẹrẹ:

Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Kùrukùru ní òwúrọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn. Oòrùn ní ọ̀sán.
Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀: Afẹ́fẹ́ líle láti aṣálẹ̀. Eruku yóò bo Ṣakí àti Ìlọrin. Ojú kò ní ríran kọjá mítà 1,000.
Ọjọ́ Ẹtì sí Ọjọ́ Àìkú: Òtútù lóru. Ṣakí, dígírì 18. Èkó, dígírì 23. Ní ọ̀sán, dígírì 33 níbi gbogbo.

Dígírì ni a fi ń wọn ooru àti òtútù. Ara ẹni tí kò ní ibà jẹ́ nǹkan bí 37. Bí nọ́ńbà bá ti ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni òtútù ń pọ̀ sí i. Mítà 1,000 ni kìlómítà kan. Ojú tí kò ríran kọjá ibẹ̀ léwu fún awakọ̀, bàlúù pàápàá lè má gbéra.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ní ọdún kan, nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní ìlú kékeré kan, rédíò sọ ọ́ ní òwúrọ̀ pé afẹ́fẹ́ líle ń bọ̀. A gbọ́, a ò kà á sí. Lọ́sàn-án a ní kí àwọn ọmọ sun koríko tí wọ́n kó jọ sẹ́yìn ilé-ìwé. Kí a tó ṣẹ́jú, iná ti fò kọjá ọ̀nà, ó di inú oko kòkó opó kan. Igi tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi ọdún pípẹ́ tọ́jú jóná kí ilẹ̀ tó ṣú.

A lọ bẹ̀ ẹ́. A ń san owó fún un díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù wa, ṣùgbọ́n owó kì í so kòkó. Ìyá náà kò bú wa. Ó kàn ní, “Ọ̀gá tísà, ṣé ẹ ò gbọ́ rédíò ni?” A ò rí èsì fọ̀. Òun ò mọ̀wé. Àwa tí a mọ̀wé ni a gbọ́ ìkìlọ̀ tí a ò lò ó.

OHUN TÍ A Ó ṢE

1. Ẹ má ṣe tanná sí oko nígbà tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá ń fẹ́. Ẹ ro etí oko yí ká kí koríko tó gbẹ, kí iná má rí ohun jẹ kọjá. Ní ọdún 1983, iná igbó run ọ̀pọ̀ oko kòkó ní ilẹ̀ Gánà.

2. Ẹ fi aṣọ bo ọmọdé àti arúgbó lóru. Ẹ má ṣe gbé ìkòkò ẹyin iná wọ yàrá tí a tì pa. Ó ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde, tí ojú kì í rí, tí imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó ń pa ènìyàn sójú oorun.

3. Ẹ fi òrí pa ara àti ètè. Ẹ máa mu omi, òùngbẹ ìbáà má gbẹ yín. Ẹ ṣọ́ ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gidigidi, nítorí òtútù àti àìmu omi tó lè gbé ìrora rẹ̀ dìde. Ẹni tí mímí máa ń nira fún, kí ó yẹra fún eruku.

4. Awakọ̀, ẹ tan iná ọkọ̀, ẹ rọra sáré.

5. Ọyẹ́ kì í ṣe ọ̀tá wa. Ìgbà yìí gan-an ni èlùbọ́, ata àti kòkó ń gbẹ dáadáa. Ẹ lò ó.

ÌBÉÈRÈ

1. Nínú ìkéde òkè yìí, ọjọ́ wo ni afẹ́fẹ́ yóò le jù?
2. Dígírì mélòó ni òru Èkó fi ju òru Ṣakí lọ?
3. Kí ni ìdí tí òru ọyẹ́ fi ń tutù?

IṢẸ́ ṢÍṢE: Ẹ gbọ́ ìkéde ojú ọjọ́ lórí rédíò lónìí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, kí ẹ sì kà á fún aládùúgbò kan tí kò tíì mọ̀wé kà. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.